Ẹyin Tó Jinná Lọ́jọ́ Ìsinmi

Mi ò fẹ́ràn Títíladé. Ẹ jẹ́ n tètè sọ ọ́, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé ọ̀rẹ́ ló ń ròyìn ọ̀rẹ́. A jọ gbé ilé kan náà ní Ẹgbẹ́dá fún bí ọdún mẹ́ta, ilẹ̀kùn mi kọjú sí tirẹ̀, a jọ ń dáná ní ilé ìdáná kan, mi ò sì rántí ọjọ́ kan tó kọ́kọ́ kí mi, èmi tí mo ti bímọ mẹ́rin kó tó jáde nílé ìwé. Bí mo bá ní, "Títí, o káàbọ̀ o," yóò ní, "Ẹn, Ìyá Luqman," bíi pé mo wá tọrọ iyọ̀. Ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó ń lo awò ojú ńlá kan tí apá rẹ̀ kan ti dá, tó fi sẹ̀lótéèpù dì í. Kò gba ẹnikẹ́ni gbọ́. Bí ẹ bá sọ fún un pé òjò ń rọ̀, yóò kọ́kọ́ na ọwọ́ síta ná.

Ẹ má dá a lẹ́bi jù. Ọmọ ògbufọ̀ ni. Bàbá rẹ̀ ló ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ fún adájọ́ ní kóòtù nígbà tí Títíladé wà ní kékeré ní Àkànràn. Àgbẹ̀ á ro ẹjọ́ rẹ̀ ní Yorùbá, bàbá á yí i sí Gẹ̀ẹ́sì fún adájọ́. Àwọn ará Àkànràn ní ṣe ló máa ń gé ọ̀rọ̀ àwọn kúrú. Èèyàn á rojọ́ títí itọ́ á gbẹ lẹ́nu rẹ̀, ògbufọ̀ á fi gbólóhùn méjì parí ẹ̀, adájọ́ á dájọ́, ilẹ̀ á bọ́. Bóyá òótọ́ ni, bóyá irọ́ ni, èmi ò sí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tí ilẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ wọn ò gbàgbé. Nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, àwọn ọmọ á tò tẹ̀ lé Títíladé lẹ́yìn, wọ́n á máa kọ ọ́ lórin pé bàbá rẹ̀ jẹ ọ̀rọ̀, ó fi ilẹ̀ mu omi. Ẹni tó ń lé orin náà ni Ifáníyì, ọmọ Fárìndé. Oko kòkó Fárìndé wà lára èyí tó lọ.

Ayé ò wá fẹ̀ tó bí a ṣe rò. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la pàdé lóko adìyẹ Díákónì Hezekiah, lójú ọ̀nà Ifẹ̀, téèyàn bá kọjá Ẹgbẹ́dá díẹ̀. Díákónì ò ta ẹyin fún jíjẹ o. Ẹyin tó ní ọmọ nínú ló ń kó sínú ẹ̀rọ ńlá kan tó ń bá adìyẹ sàba lé e, tí wọ́n bá pa, á ta òròmọdìyẹ fún àwọn ọlọ́sìn láti Lagelu títí dé Ifẹ̀. Iṣẹ́ tèmi ni láti fi iná wo ẹyin nínú yàrá tó ṣókùnkùn, kí n yọ èyí tí kò lẹ́mìí sọ́tọ̀. Ifáníyì ló ń ṣọ́ ẹ̀rọ ìsàba, ó ń bu omi sí i, ó ń rọ epo dísù sí jẹnẹrétọ̀. Títíladé lọ́gá ẹ̀rọ. Ó kàwé kọ̀ǹpútà ní yunifásítì, kò sì jẹ́ ká gbàgbé.

Mo gbọ́dọ̀ fún un ní ẹ̀tọ́ rẹ̀, ó mọ iṣẹ́. Nígbà tí iná NEPA jó ọpọlọ tí ẹ̀rọ ìsàba bá wá láti òkè òkun, Títíladé ló wá kọ̀ǹpútà àlòkù kan tí wọ́n ti kó síta ní ọ́fíìsì kan, tó so ó mọ́ ẹ̀rọ náà. Kì í ṣe pé ó ra ètò kan tó gbé e sínú rẹ̀ o. Ìpìlẹ̀ gan-an ló kọ: ètò tó máa ń kọ́kọ́ jí tí kọ̀ǹpútà bá jí, tó ń bá wáyà àti irin sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀, tí gbogbo ètò yòókù dúró lé lórí. Kánẹ́ẹ̀lì ló pè é. Kánẹ́ẹ̀lì yìí ló ń wo bí ooru ṣe pọ̀ tó, tó ń tan iná, tó ń pa á, tó ń yí ẹyin. Bí ooru bá kọjá bó ṣe yẹ, á lu aago tí gbogbo oko á gbọ́. Díákónì jẹ́rìí nípa rẹ̀ níwájú ìjọ. Ó ní àwọn òyìnbó ò lè yan òun jẹ mọ́. Títíladé náà wá lẹ ìwé mọ́ ara ẹ̀rọ pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ṣílẹ̀kùn rẹ̀, kí ooru má baà jáde, kí ẹni tó ń ṣọ́ ọ máa wo ojú kọ̀ǹpútà.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, Ifáníyì nìkan ló máa ń wà níbẹ̀. Àwọn onígbàgbọ́ á lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Àwa Mùsùlùmí náà á jókòó sílé, a ò jẹ́ kí wọ́n dá sinmi. Ifáníyì, tó ń bọ ohun tí bàbá rẹ̀ bọ, Díákónì ní kò ní ibi tó ń lọ. "Ẹni tí ò lọ́jọ́ ìsìn, iṣẹ́ ni ìsìn ẹ̀." Bó ṣe sọ ọ́ nìyẹn, ó sì rẹ́rìn-ín sí i fúnra rẹ̀. Ifáníyì sì ń wá síbi iṣẹ́.

Lóṣù kìíní ọdún 1995, lọ́jọ́ Ìsinmi kan báyìí, NEPA mú iná lọ láàárọ̀, jẹnẹrétọ̀ sì gbà á. Kò sí nǹkan bàbàrà níbẹ̀, ojoojúmọ́ là ń rí i. Nígbà tí Díákónì dé láti ṣọ́ọ̀ṣì, ó fọwọ́ kan ilẹ̀kùn ẹ̀rọ, ó fà á sẹ́yìn kíá. Ó gbóná. Wọ́n ṣí i. Òórùn ẹyin tó jinná ló kọ lu wọ́n. Ó ku ọjọ́ mẹ́ta péré kí wọ́n pa. Ìgbà tí wọ́n ránṣẹ́ pè mí, mo fọ́ ọ̀kan wò, òròmọdìyẹ wà nínú ẹ̀ tìyẹ́tìyẹ́, ó ti kú. Mo fọ́ òmíràn. Mo dúró báyìí, mi ò fọ́ mọ́. Inú bí mi débi pé mi ò mọ ẹni tí mò ń bínú sí.

Ojú kọ̀ǹpútà ní ooru jẹ́ mẹ́tàdínlógójì àti ààbọ̀, gẹ́gẹ́ bó ṣe yẹ kó jẹ́. Títíladé sáré dé, ó pa á, ó tún un tàn. Kò pẹ́ tó jí ni aago bẹ̀rẹ̀ sí í lù kíkankíkan, torí ooru ti pọ̀ jù. Gbogbo wa gbọ́ ọ. Ìyẹn ló kó Ifáníyì sí wàhálà. Aago tó lù níṣojú wa báyìí, kí ni kò ní jẹ́ kó lù láàárọ̀? Á jẹ́ pé ó lù, ẹni tó yẹ kó gbọ́ ọ ló ń sùn.

"Mi ò sùn," ni Ifáníyì wí. "Ojú ẹ̀rọ yẹn ni mò ń wò látàárọ̀. Ohun tó ń sọ fún mi náà nìyẹn tó ń sọ fún yín yìí. Aago ò lù."

"Ẹ̀rọ kì í sùn," ni Títíladé dá a lóhùn. "Èèyàn ló ń sùn."

Ifáníyì wọlé lọ mú àdá rẹ̀ jáde, ó fi ahọ́n kan ẹnu rẹ̀. Ó ní bí òun bá sùn lọ́jọ́ náà, kí irin tí òun fi ń ṣiṣẹ́ pa òun. Ní kóòtù gan-an, irin ni wọ́n máa ń gbé fún àwọn tó ń bọ òrìṣà láti fi búra, adájọ́ á sì gbà á. Díákónì yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní, "Gbé òrìṣà ẹ kúrò níwájú mi."

Títíladé ò tíì sọ̀rọ̀ tán. Ìgbà tí ẹlòmíràn ì bá panu mọ́, ìgbà yẹn lẹnu tiẹ̀ máa ń mú. "Ẹ jẹ́ ká gbà pé kò sùn, sà," ló sọ fún Díákónì. "Tí kò bá sùn, á jẹ́ pé ó mọ̀ọ́mọ̀ jókòó wò ó ni. Ẹ bi í léèrè ohun tí bàbá ẹ̀ àti bàbá mi jọ fà. Ó ti pẹ́ tó ti ń wá ọ̀nà láti bà mí jẹ́."

Ẹnu àwọn òṣìṣẹ́ kò gbà á, ṣùgbọ́n ọkàn wọn gbà á. Mo rí i bí wọ́n ṣe ń wo Ifáníyì. Díákónì ní kó lọ jókòó sílé. Ó ní lọ́jọ́ Ẹtì, òun á pe ọlọ́pàá wá mú un pé ó mọ̀ọ́mọ̀ ba ohun ìní òun jẹ́, kí Títíladé sì mú ẹ̀rí wá tó máa fi hàn pé ẹ̀rọ ò jẹ̀bi. Ẹni tí wọ́n bá mú fún irú ẹ̀ lójú ọ̀nà Ifẹ̀, kò tún sí ọlọ́sìn tó máa gbà á síṣẹ́ mọ́, tí àtìmọ́lé bá tiẹ̀ jẹ́ kó jáde.

Ìyàwó Ifáníyì, Ifádùnní, wá sílé wa lọ́jọ́ kejì. Ó kúnlẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà Títíladé tòun ti ọmọ lẹ́yìn.

"Ẹ jọ̀ọ́, mádàámù. Ọkọ mi kì í ṣèké. Ẹ ṣàánú wa."

"Ẹ lọ bẹ Ògún yín," ni Títíladé wí, ó sì ti ilẹ̀kùn.

Èmi ni mo fa obìnrin náà dìde. Mo dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn yẹn, mo sọ ohun tó wà lọ́kàn mi. Mo ní ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run, ọ̀nà ọ̀fun náà ni ọ̀rọ̀ burúkú ń gbà jáde. Mo ní ẹni tó bá da eérú ni eérú ń tọ̀. Mo gbọ́ tó ń tú ìwé nínú ilé.

Lọ́jọ́rú, ó gbé ìwé ọ̀hún jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, torí yàrá rẹ̀ ò gbà á. Ìwé gígùn ni, irú èyí tó ní ihò wẹ́ẹ́wẹ̀ẹ̀wẹ́ létí, tí kò já láti òkè délẹ̀. Ó tẹ́ ẹ sílẹ̀, ó fi òkúta tẹ̀ ẹ́ nítorí afẹ́fẹ́ ọyẹ́. Mo ń ṣa ẹ̀wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, mo ti búra pé mi ò ní bá a sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ fẹ́ ẹni tó máa fi yangàn fún.

"Ìyá Luqman, ẹ wá wo bí mo ṣe máa mú un."

"Kí ni gbogbo ẹ̀?"

"Ohun tí mo kọ nìyí," ló wí, ó na ìwé kékeré kan sí mi. "Ẹ̀rọ ò gbọ́ èdè yìí. Ògbufọ̀ kan wà láàárín wa, kọ̀ǹpáílà. Òun ló ń yí i sí èdè ẹ̀rọ. Mo ti ní kó tẹ ohun tó sọ fún ẹ̀rọ jáde fún mi, òun nìyí nílẹ̀ yìí. Ìlà kan, iṣẹ́ kékeré kan. Gbé èyí. Fi wé ìyẹn. Fò padà sókè."

"Ṣé ohun tí o kọ ò tó ní ẹ̀rí ni?"

"Ohun tí mo kọ kọ́ ni ẹ̀rọ ń ṣe!" Ó jágbe mọ́ mi bíi pé mo bú u. "Ohun tí ògbufọ̀ bá wí fún un ló ń ṣe. Tí wọ́n bá fẹ́ jà mí níyàn, mo fẹ́ fi ìka tọ́ ọ fún wọn, ìlà sí ìlà, pé gbogbo ìgbà ni ètò mi ń wo ooru."

Mo rántí bàbá rẹ̀, mo sì ṣa ẹ̀wà mi. Ó kúnlẹ̀ sórí ìwé, bíró pupa lọ́wọ́, ó ń fi sàmì sí ìlà kọ̀ọ̀kan, ó ń sọ̀rọ̀ sí Ifáníyì tí kò sí níbẹ̀. "Kò sùn kẹ̀. Màá fi hàn ọ́." Ó dé ibì kan, ó dúró. Ó padà sókè. Ó tún sọ̀kalẹ̀. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un wọ̀.

"Ó wò ó lẹ́ẹ̀kan," ló wí.

"Ta ni?"

"Tí iná bá ti ọwọ́ NEPA bọ́ sọ́wọ́ jẹnẹrétọ̀, ohun tó ń wọn ooru máa ń dákú díẹ̀. Àyè kékeré kan wà tó máa ń kọ ọ́ sí pé òun ò tíì ṣetán. Tó bá ṣetán, á pààrọ̀ rẹ̀. Mo ní kí ètò máa wo àyè yẹn, kó tún un wò, títí á fi yí padà." Ó gbá ìwé náà. "Ó wò ó lẹ́ẹ̀kan. Ó gbé ohun tó rí sápò. Àpò ara ẹ̀ ló wá ń wò látìgbà náà, Ìyá Luqman. Kò padà síbẹ̀ mọ́."

Kíá ló yé mi, torí mo mọ irú wọn. Ẹ rán ọmọ ọ̀dọ̀ pé kó lọ wò bóyá omi ti hó. Ó lọ lẹ́ẹ̀kan, ó rí i pé kò tíì hó, ó wá jókòó ti rédíò. Iye ìgbà tí ẹ bá bi í, "Kò tíì hó, mà" ni. Omi á hó, á gbẹ, ìkòkò á jó, kò tíì hó náà ni.

Kì í ṣe ẹ̀bi ògbufọ̀. Kò sí ohun tó sọ fún un pé ọwọ́ mìíràn lè yí ohun tó wà ní àyè yẹn padà. Ọ̀rọ̀ kan wà tó yẹ kí Títíladé kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ àyè náà, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, tó túmọ̀ sí pé nǹkan yìí ń yí fúnra rẹ̀, má gbára lé ohun tí o rí tẹ́lẹ̀. Kò kọ ọ́. Títí di ọjọ́ tó ṣáájú Ìsinmi yẹn, ògbufọ̀ ń tú gbogbo ọ̀rọ̀ ní kíkún, nǹkan sì ń lọ dáadáa. Nígbà tí ètò wá fẹ́ tóbi ju ibi tí kọ̀ǹpútà àlòkù yẹn lè gbé lọ, Títíladé ní kó máa gé e kúrú, kó yára. Ó gé e. Nígbà tí ètò dúró síbẹ̀ tó ń wo àpò ara rẹ̀, iná ń jó lọ nínú ẹ̀rọ, mẹ́tàdínlógójì àti ààbọ̀ àtijọ́ wà lójú kọ̀ǹpútà, kò sì lè dé ìdí aago, torí Títíladé ti ní kó má dá iṣẹ́ kankan lóhùn títí ìyẹn á fi parí.

"Á jẹ́ pé kò sùn," ni mo wí.

Ṣé ẹ mọ ohun tí obìnrin yìí sọ? Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ní, "Ì bá jẹ́ pé ó sùn ni! Kí ni kò jẹ́ kó sùn?" Ó ń sunkún bó ṣe ń sọ ọ́. Mi ò tù ú nínú. Ẹkún ìbínú ni, tara rẹ̀ ló ń dùn ún.

Lọ́jọ́bọ̀, ó lọ dán ẹ̀rọ wò lófìfo. Mo tẹ̀ lé e, mo fẹ́ fojú ara mi rí i. Ó yọ iná NEPA, jẹnẹrétọ̀ gbà á. Nọ́ńbà ojú kọ̀ǹpútà dúró sójú kan. A fọwọ́ kan ilẹ̀kùn títí ó fi ń jó wa lọ́wọ́. Aago ò lù. Ó wá fi ọ̀rọ̀ yẹn sí ibi tó yẹ kó wà, ó ní kí ògbufọ̀ tú u lẹ́ẹ̀kan sí i, ó yẹ èdè ẹ̀rọ wò, ó rí i pé ètò ń padà lọ wo àyè náà lóòótọ́. Ó yọ iná. Ẹ̀rọ dúró díẹ̀, ó sì ń bá iṣẹ́ lọ. Kò sí ẹlòmíràn lóko yẹn tó lè ka ìwé náà. Bí ó bá sọ ọ́ sínú iná, ọ̀rọ̀ parí. Mo bi í léèrè ohun tó fẹ́ ṣe. Ó ní kí n jẹ́ ká máa lọ sílé.

Lọ́jọ́ Ẹtì, gbogbo wa dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé oúnjẹ adìyẹ. Ọlọ́pàá méjì wà níbẹ̀. Ifáníyì wọ aṣọ tó mọ́, ó mọ ibi tí wọ́n ń mú òun lọ. Díákónì na ọwọ́ sí Títíladé.

"Ẹ̀rí dà? Gbé e fún wọn."

"Ifáníyì ò sùn," ni Títíladé wí. Ohùn rẹ̀ le bíi pé ìjà ló bá wá. "Kò sì mọ̀ọ́mọ̀ ṣe nǹkan kan. Aago ò lù, ojú kọ̀ǹpútà parọ́ fún un. Èmi ni mo kọ ètò tó ṣe é. Àṣìṣe tèmi ló pa ẹyin."

Díákónì rọra ní, "Títíladé, wọlé ká sọ̀rọ̀ ní ọ́fíìsì."

"Rárá, sà."

"Mo ní wọlé! Ṣé o mọ ohun tí mo ti sọ nípa ẹ̀rọ yẹn níwájú ìjọ?"

"Ìyẹn wà láàárín ẹ̀yin àti ìjọ yín. Níta níbí ni mo ti ba Ifáníyì lórúkọ jẹ́. Mi ò lè wọlé lọ tún un ṣe."

Díákónì ní kó kó ẹrù rẹ̀ kúrò lóko òun kí oòrùn tó kan àtàrí. Ó fi ọwọ́ lé àwọn ọlọ́pàá lọ. Ó wá yíjú sí Ifáníyì, ó ní, "Ìwọ, o ti gbọ́. Padà sẹ́nu iṣẹ́." Kò sí pẹ̀lẹ́ níbẹ̀, kò sí má bínú. Nínú gbogbo àwọn tó dúró síbẹ̀, kò sẹ́ni tó sọ ọ́.

Ifáníyì ò lọ sẹ́nu iṣẹ́. Ó wá dúró síwájú Títíladé, ó na ìka sí ìwé tó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ká ní ohun tó wà níbẹ̀ ni pé mo sùn ńkọ́?"

Irọ́ tó rọrùn wà níbẹ̀ tó lè pa. Ẹnikẹ́ni nínú wa ì bá pa á, kí ọ̀rọ̀ lè tutù.

"Ǹ bá ti ní kí wọ́n gbé ọ lọ," ni Títíladé wí. "Ohun tí mò ń wá nìyẹn."

Ifáníyì mi orí.

"Nínú gbogbo ohun tí o sọ láàárọ̀ yìí," ló wí, "ìyẹn nìkan ni mo gbà gbọ́." Ó yí padà, ó gba ọ̀nà Àkànràn lọ.